Olóyè Ajásin àti Ọ̀ràn Ìwòsàn Ọ̀fẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ní ilẹ̀ wa, tí ó sì fẹ́ fi í wé ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba ń polówó rẹ̀ nísisìyí, kí ó yẹ ìgbésí ayé Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin wò. Tíṣà ni, olóṣèlú sì ni. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni ìtàn rẹ̀ kàn jùlọ.

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni a bí i sí ní ọjọ́ 28 oṣù November, ọdún 1908. Ó kàwé ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, láti 1924 títí di 1927, ó sì ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọdún púpọ̀ kí ó tó lọ sí Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí ó ti gba oyè B.A. ní 1946. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ nípa ẹ̀kọ́. Ní oṣù November ọdún 1946 yẹn ni òfin ìwòsàn ọ̀fẹ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní July 1948. Owó-orí ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ jùlọ.

Ní 1947, Ajásin padà wá di ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ìlú yìí kan náà ni a ti ṣí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní gbangba ní April 1951. Ajásin wà lára àwọn olùdásílẹ̀, òun ni ó sì kọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dé, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955, a sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé títí dé ọmọ ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò sí lọ́jà. Ní 1953, ìjọba gbé owó-orí tuntun ka àwọn ènìyàn lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí àwọn ará ìlú, àwọn alátakò sì fi ọ̀rọ̀ owó-orí náà ṣe ìpolongo. Ní ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, Ẹgbẹ́ NCNC ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ajásin wọlé ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì tìtorí ìdìbò kan ṣoṣo jáwọ́ nínú ètò náà. A kà á sí ìwà akíkanjú pé kí ìjọba gba owó lónìí fún oore tí yóò hàn lọ́la.

Ní October 1979, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ìpínlẹ̀ náà tóbi nígbà náà, nítorí Èkìtì wà nínú rẹ̀. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà ṣèlérí, kì í sì í ṣe fún ọmọdé nìkan mọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láti 1981, àpò àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbẹ, oògùn sì wọ́n. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 December 1983, owó sísan padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n fi Ajásin sí àtìmọ́lé, wọ́n tú ìwé rẹ̀ wò, wọn kò sì rí owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísisìyí, adójútòfò ni ọ̀rọ̀ tí ó gbòde. Ètò ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Òfin ọdún 2022 sì sọ ọ́ di dandan. Ètò náà kì í ṣe ohun burúkú. Ó yàtọ̀ sí èésú, nínú èyí tí olúkúlùkù ń kó owó tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni a fi ń tọ́jú ẹni tí ó ń ṣàìsàn. Láti 1883 ni Jámánì ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé iṣẹ́ aládàáni ti gba iwájú, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù adójútòfò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀rọ̀ náà dé Omifunfun, ní agbègbè Ore àti Odígbó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó oṣù tí a lè yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Kí ni a ó yọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó, ẹni tí owó kì í dé ọwọ́ rẹ̀ àfi ní ìgbà ìkórè? Bí ibà bá kọlu ọmọ rẹ̀ nígbà òjò, kò sí ilé iṣẹ́ aládàáni tí yóò dúró de kòkó rẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu pé ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé obìnrin 97 nínú 100 ní Nàìjíríà ni kò ní adójútòfò ìlera kankan.

Èrò wa ni pé kí ẹni tí ó ń gba owó oṣù máa san tirẹ̀, kí ìjọba sì san ti àgbẹ̀, ti aboyún, ti ọmọdé àti ti arúgbó. Òfin ìlera ọdún 2014 ti ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Kí owó náà dé Omifunfun, kí ó di oògùn, kí ó di nọ́ọ̀sì, kí ó má di ilé tuntun fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 3 October 1997 ni Ajásin kú. Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ jogún rẹ̀ nínú òṣèlú, kí ó kọ́kọ́ sọ fún ará ìlú iye tí ìwòsàn yóò ná wọn, kí ó sì lè jíyìn owó náà ní ọjọ́ tí a bá bi í.