Àjàyí Ọmọ Àfàlà: Bíṣọ́ọ̀bù Tí Kò Gbàgbé Ilé

 

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ó wà lọ́kàn wa ní àkókò yìí. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá títí dé Ìgándò, ilé tí ọmọ kan kò ti sí ní òkè òkun kò pọ̀ mọ́. Àwọn kan nínú wa ń gbọ́ ohùn ọmọ wọn lórí tẹlifóònù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbọ́ ìró ọmọ tiwọn mọ́ láti ọdún pípẹ́, wọn kò sì lè sọ ọ́ síta. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe fẹ́ kí a jọ rántí ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Òótọ́ ni pé ìjọ Áńgílíkà ni bàbá yìí, kì í ṣe Mẹ́tọ́díìsì. Ṣùgbọ́n òun ni ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì tí gbogbo wa ń kà ní èdè Yorùbá, nítorí náà a kò lè pè é ní bàbá elòmíràn. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ̀ ọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí a wò ó lónìí gẹ́gẹ́ bí ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ọkọ, àti gẹ́gẹ́ bí bàbá.

ỌJỌ́ TÍ ILÉ TÚ

Ìlú Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni a ti bí i. Àjàyí ni orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀, nítorí pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun wọ ìlú náà. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí Àjàyí rí bàbá rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé ó ti kú sójú ogun.

Wọ́n mú Àjàyí, ìyá rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn, wọ́n sì kó wọn lọ. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù: ìyá àti ọmọ ọwọ́ lọ sí apá kan, Àjàyí lọ sí apá kejì. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì ń rí i, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n tún mú un lọ láìjẹ́ kí ó dágbére. Ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn òyìnbó Potogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lóru. Ọlọ́run kò gbà fún un.

Èkó ni wọ́n ti tà á sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Potogí, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tí ó sì gba Jésù. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1825. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay.

ILÉ TUNTUN NÍ SÀRÓ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ tí wọ́n ti tà lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, ó lè sọ pé òun kò tún ní fẹ́ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Àjàyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1829, ó fẹ́ Asano, tí a sọ ní Susan nígbà ìrìbọmi rẹ̀. Ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni òun náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti jọ kàwé. Àwọn méjì tí ogun sọ di aláìnílé ni ó jọ kọ́ ilé fún ara wọn. Olùkọ́ ni Susan náà. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin mẹ́ta.

Aya kan yìí ni Àjàyí bá gbé fún ọdún tí ó lé ní àádọ́ta, títí Susan fi kú ní ọdún 1880. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun kan. Bàbá yìí kì í gbélé. Ní ọdún 1841, ó bá àwọn òyìnbó gun Odò Ọya lọ. Lẹ́yìn tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1864, orí odò yẹn ni ó ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ta ni ó ń tọ́jú ọmọ? Ta ni ó ń gbàlejò? Ìyá ilé ni. Bí a bá ń yin Àjàyí, kí a yin Susan pẹ̀lú.

ÌYÁ ÀTI ỌMỌ RÍ ARA WỌN

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Àjàyí àti ìdílé rẹ̀ dé Àgbádárìgì. Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí àwa Mẹ́tọ́díìsì, nítorí pé níbẹ̀ ni Bàbá Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1842. Àwa tí a ń gbé ní Ìgándò mọ ọ̀nà náà: a ó gba Ìbá já sí Ìyánà Ìbá, a ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ohun tí ó kù fún Àjàyí ni kí ó dé Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà, ó sì ní láti dúró fún ọdún kan àti ààbọ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n dé Abẹ́òkúta. Ìròyìn kàn án pé ìyá òun àti àwọn àbúrò òun ṣì wà láàyè, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá arúgbó kan wọlé wá, ó ń gbọ̀n. Kò gbà gbọ́ pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún òun. Ìyá àti ọmọ di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn lójú wọn. Ìyá ń wò ó, ó ń pè é ní orúkọ tí a fi ń pè é nígbà tí ó wà ní kékeré. Ọdún 25 ti kọjá láàrin wọn. Ìyá ti sọ ìrètí nù, ẹrú ni wọ́n sì tún ti fi òun náà ṣe láàrin ìgbà yẹn.

Àjàyí kò tìtorí pé òun ti di àlùfáà tí ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó wá máa tijú ìyá tí kò kàwé. Ó mú un sọ́dọ̀, ó sì ń fi sùúrù kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlà, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é ní Abẹ́òkúta. Hánà ni orúkọ tí a fún un, nítorí pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Ó wà láàyè títí di ọdún 1883, ojú rẹ̀ sì rí ọmọ rẹ̀ ní bíṣọ́ọ̀bù.

BÀBÁ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ

Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Abigail ni ó fẹ́ Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama CMS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Àwọn ni wọ́n bí Herbert Macaulay, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Dandeson, ọmọkùnrin rẹ̀, di àlùfáà, ó sì bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní agbègbè Odò Ọya.

Ọjọ́ alẹ́ bàbá yìí kò rọrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó kan kẹ́gàn rẹ̀ ní ìpàdé kan ní Onitsha. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi Dandeson pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá púpọ̀, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ayé kọ ẹ̀yìn sí i, ọmọ tí ó tọ́ kò kọ ẹ̀yìn sí i. Ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1891, Àjàyí sùn nínú Olúwa ní Èkó. Dandeson ni ó tẹ̀ síwájú láti darí àwọn ìjọ Niger Delta tí bàbá rẹ̀ ti gbìn.

Kí ni a rí kọ́, ẹ̀yin ìyá? Èkíní, kí a má ṣe sọ pé ọmọ tí kò tíì padà ti gbé. Ọdún 25 kì í ṣe ọjọ́ kan, síbẹ̀ Àfàlà rí ọmọ rẹ̀. Èkejì, kí a kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa pé ipò kì í mú kí ènìyàn gbàgbé ilé. Bíṣọ́ọ̀bù ni Àjàyí lójú ayé, ọmọ ni ó jẹ́ lójú Àfàlà. Ẹ̀kẹta, bí ìyá kan bá wà ní kíláàsì wa tí kò gbọ́ ìró ọmọ rẹ̀, kí a yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a bá a jókòó, kí a sì bá a gbàdúrà. Kí a má ṣe béèrè ìbéèrè tí yóò dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn.

Kí Olúwa tí ó pa ìyá àti ọmọ mọ́ fún ara wọn kó àwọn ọmọ wa padà wálé ní àlàáfíà. Kí ojú wa má ṣe rí ibi lórí wọn. Àmín.