Piero Ginori Conti, Ẹni tí Ó Fi Ooru Ilẹ̀ Tan Iná

Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ kànga ní Mọ́níyà tàbí ní Ẹgbẹ́dá, omi tútù ni ó ń retí. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá ti ń jìn sínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Ní ibòmíràn, ooru yìí súnmọ́ òkè tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú àpáta fi ń hó, tí oru rẹ̀ sì ń tú jáde. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ irú oru bẹ́ẹ̀ di iná mànàmáná ni Piero Ginori Conti.

Ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì ni a gbé bí i ní ọdún 1865, ní ìdílé ọlọ́lá. Nígbà tí ó dàgbà, ó fẹ́ ọmọ ìdílé de Larderel. Ìdílé yìí ni ó ni ilé-iṣẹ́ Larderello, níbi tí oru ti ń ru láti inú ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nínú omi gbígbóná ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí bórìkì, èròjà funfun tí a ń fi ṣe oògùn. Oru ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ń se omi yìí gbẹ dípò igi ìdáná.

Ginori Conti rò pé oru náà lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1904, ó fi í yí ẹ̀rọ kékeré kan. Ẹ̀rọ náà yí dáínámò, gílóòbù márùn-ún sì tàn.

Ìṣòro ńlá kan kù. Àwọn èròjà tí ń jẹ irin wà nínú oru ilẹ̀. Bí ó bá wọ inú ẹ̀rọ tààrà, ẹ̀rọ a bàjẹ́. Nítorí náà, wọ́n mú kí oru ilẹ̀ máa se omi mímọ́, bí iná ti í se omi inú ìkòkò láì fi ara kàn án. Oru omi mímọ́ yìí ni ó wá ń yí ẹ̀rọ. Ní ọdún 1913, ilé-iṣẹ́ amúnáwá oníkílówáàtì 250 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ginori Conti kú ní ọdún 1939. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tí ń sá padà ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n a tún un kọ́. Ní 1981, irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Olkaria ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ní ilẹ̀ tiwa, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì ní Èkìtì jẹ́ ẹ̀rí pé ooru wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa náà, bí kò tilẹ̀ tó ti Larderello.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí oru náà ṣáájú Ginori Conti. Òun ni ó bèèrè ohun tí ó tún lè ṣe, tí kò sì fi ojú kékeré wo gílóòbù márùn-ún.