Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, Ẹni tí Kò Jẹ́ kí Ìjọ Sùn

Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìlú wa ni wọ́n gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson lẹ́nu àwọn bàbá wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ wa léèrè lónìí, ìbáà ṣe nílé tàbí lẹ́yìn odi, Àjàyí Crowther nìkan ni wọn yóò máa ròyìn fún wa. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Crowther ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà ni ó sì tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n onísùúrù ni Crowther, ẹni tí ń fi ẹ̀rín gba ìwọ̀sí. Johnson kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí àwọn ará Èkó sọ ní Johnson Mímọ́ yìí jẹ́ ẹni tí kò lè rí ohun tí kò tọ́ kí ó dákẹ́, pàápàá bí ohun náà bá wà nínú ìjọ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe àlùfáà fún.

Sàró ni a gbé bí i, ní nǹkan bí ọdún 1836. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, Ìjẹ̀bú sì ni ìyá rẹ̀. Ogun àti òwò ẹrú ni ó kó àwọn méjèèjì kúrò nílé. Ọkọ̀ ogun Òyìnbó ni ó gbà wọ́n lójú òkun, tí ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Sàró, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ní ayé ìgbà náà. Ọmọ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà C.M.S. ní Freetown, ó kọjá sí Fourah Bay, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mélòó kan kí ó tó wọ iṣẹ́ àlùfáà ní 1863. Àwa tí a ń jẹ nídìí ṣọ́ọ̀kì àti pátákó a máa fẹ́ràn láti rántí èyí.

Ní ọdún 1874 ni C.M.S. rán an wá sí Èkó láti máa ṣe àlùfáà Ìjọ St. Paul's ní Breadfruit. Láti 1861 ni Èkó ti wà lábẹ́ ìjọba Òyìnbó, ìjọ tí Johnson sì bá níbẹ̀ kì í ṣe ìjọ aláìní. Àwọn Sàró oníṣòwò ni wọ́n jókòó níwájú nínú rẹ̀, àwọn tí ń ra epo pupa àti èkùrọ́, tí ń ta aṣọ, tí àwọn kan nínú wọn sì ń ta ọtí jíìnì tí ọkọ̀ ń kó dé láti Yúróòpù. Wọ́n mọ orin kọ, wọn kì í sì fi ìjọ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tí ń lépa wọn nítorí ìgbàgbọ́ mọ́, bí a ti lépa àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta ní 1849, tí a nà wọ́n tí a sì dè wọ́n. Ìgbàgbọ́ ti di aṣọ àlòdé, tí à ń gbé wọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi tí à ń ká sínú àpótí bí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bẹ̀rù ni pé kí ọrọ̀ má bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí Òyìnbó má sì fi ojú kékeré wò wọ́n.

Àárín wọn ni Johnson bọ́ sí. Kì í kàn wàásù kí ó sì padà sílé. Ó ń wọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ó mú ọ̀rọ̀ orúkọ wá sójú ìwòye. Ní àkókò tí ó jẹ́ pé ohun ọlá ni kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ Òyìnbó, ó kọ̀ láti sàmì fún ọmọ àfi bí àwọn òbí bá fún un ní orúkọ Yorùbá, nítorí ó dá a lójú pé kò sí ibì kankan tí Ọlọ́run ti pa á láṣẹ pé kí ènìyàn di ará England kí ó tó di ọmọ Rẹ̀. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ James Johnson títí ó fi kú.

Kò tíì pẹ́ ní Èkó tí C.M.S. fi gbé iṣẹ́ tí ó tóbi jù lé e lọ́wọ́. Ní 1876 wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ wọn tí ó wà ní òkè, ó sì lọ fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Láti ìgbà Ìfọ́lé ní oṣù October 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá fọ́ ilé ìsìn tí wọ́n sì lé àwọn Òyìnbó oníwàásù jáde, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni ìjọ ibẹ̀ wà. Ìjọ náà kò kú. Àwọn tí ó dúró tì í láàárín ìdààmú náà yẹ fún ọ̀wọ̀, kí a má ṣe gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń ka ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ ẹrú. Àwọn bàbá ìjọ ní ẹrú àti ìwọ̀fà. Èyí tí ó burú jù lójú Johnson ni pé àwọn kan tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ C.M.S., oníwàásù àti olùkọ́, náà ní ẹrú. Ẹ jẹ́ kí a ro bí èyí yóò ti rí lára ọkùnrin tí a kó bàbá àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Nínú àwọn olówó ẹrú wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú nígbà èwe wọn, tí wọ́n kàwé ní Sàró, tí wọ́n padà wálé, tí àwọn náà sì wá fi owó ra ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n ní àwíjàre. Wọ́n ní ẹrú ilé kì í ṣe ẹrú òkèèrè, pé bí ọmọ ni àwọn ń tọ́jú wọn, pé kò sí alágbàṣe tí a lè fi owó gbà, àti pé bí a bá dá ẹrú sílẹ̀, àwọn olóyè tí kì í ṣe onígbàgbọ́ yóò rò pé ìjọ fẹ́ ba ìlú jẹ́, Ìfọ́lé mìíràn yóò sì dé. Àwíjàre ìkẹyìn yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹni tí ó ti rí i kí a fọ́ ilé ẹni lójú ẹni ní ìdí láti bẹ̀rù.

Johnson kò gbà. Lójú rẹ̀, ìjọ tí ó fi ẹ̀wọ̀n sí ọrùn ẹlòmíràn kí ọwọ́ ara rẹ̀ lè rọ̀ ti kú, bí ó tilẹ̀ ń kọrin. Ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wí, ó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pé kí wọ́n tú ẹrú wọn sílẹ̀. Ó tún fi kún owó tí ọmọ ìjọ ń dá, nítorí ó fẹ́ kí ìjọ ilẹ̀ wa lè dá dúró láìsí owó àwọn ará England. Ẹ wo ibi tí ó wá bá ara rẹ̀: ó ní kí wọ́n tú ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ oko wọn sílẹ̀, ó sì ní kí owó tí wọn ń dá pọ̀ sí i. Ariwo ta. Ìwé ẹ̀sùn ń lọ sí Èkó, ó ń lọ sí London, àwọn Òyìnbó kan tí kò fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ wa wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ sì fi ayọ̀ gba ẹ̀sùn náà. Ní 1880 wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Èmi kò ní sọ pé Johnson mọ ọ̀nà tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó, ohùn tirẹ̀ sì le. Bí ó bá ti fi ọdún kan jókòó ti àwọn bàbá Ẹ̀gbá kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ìbá rí ẹni gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ro ti àwọn ẹrú náà, tí kò sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè fi sùúrù dúró fún ọdún kan sí i, mo máa ń ṣiyèméjì nípa ìmọ̀ràn yìí.

Ó padà sí Breadfruit, ogún ọdún ni ó sì fi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì yìí. Ní 1886 ìjọba fi í ṣe ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Àwọn tí ó rò pé ipò yóò pa á lẹ́nu mọ́ ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ọtí ni ó gbé dání. Apá tí ó tóbi nínú owó tí ìjọba Èkó ń ná ni ó ń ti ara owó bodè orí ọtí jáde, àwọn oníṣòwò tí ń ta á sì ń jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ní Èkó àti ní England. Nígbà tí Gómìnà Carter gbógun ti Ìjẹ̀bú ní oṣù May 1892, tí ìbọn Maxim ṣẹ́gun ní Ìmàgbọn, púpọ̀ nínú àwọn ará Èkó yọ̀ pé ọ̀nà òwò là. Johnson lòdì sí ogun náà. Carter kò fẹ́ràn èyí, ipò Johnson nínú ìgbìmọ̀ sì dópin ní 1894. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ó ti sé ìlẹ̀kùn mọ́ oníwàásù tẹ́lẹ̀ wá ṣí, Johnson àti ìjọ Breadfruit sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rán olùkọ́ lọ sí ilé àwọn ìbátan ìyá rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀, ìjọ ti pọ̀ káàkiri Ìjẹ̀bú.

Láàárín àkókò yìí ni ohun tí ó dun gbogbo ọmọ adúláwọ̀ ṣẹlẹ̀ lódò Ọya. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Òyìnbó kan dé, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ Crowther, wọ́n sì tẹ́ bàbá arúgbó náà. Ó kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, Òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀. Johnson kò yéé sọ ọ́ pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ó tọ́ kí ó ṣe bíṣọ́ọ̀bù tí ó dá dúró. Nígbà tí ó di 1900, a fi òun náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní England, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ni wọ́n fi í ṣe, láti máa bójú tó Niger Delta àti Bìní. Ó gbà á, pẹ̀lú ìrètí pé bí owó tí yóò máa gbọ́ bùkátà bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ bá pé, ìdádúró yóò dé. Kò dé lójú ayé rẹ̀.

Nígbà náà ni ìdánwò tí ó le jù fún un dé, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Tugwell ní kí ó kúrò ní ilé àlùfáà Breadfruit, ó sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Inú ìjọ bàjẹ́. Wọ́n ní ìwọ̀sí ni. Ní oṣù October 1901 apá tí ó pọ̀ nínú wọn dìde, wọ́n jáde, wọ́n sì dá Ìjọ African sílẹ̀. Nítorí Johnson ni wọ́n ṣe jáde. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ wọn fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n ṣe: pé adúláwọ̀ lè darí ìjọ tirẹ̀. Wọ́n ń retí pé yóò wá ṣe olórí wọn.

Kò lọ.

Ó dun àwọn ènìyàn náà wọra, ìrora náà sì pẹ́ nínú ìdílé Èkó. Àwọn kan ní ẹ̀rù ni ó bà á, pé ó fẹ́ràn ipò tí Òyìnbó fún un. Èmi kò rí ibi tí ẹ̀rù ti bà á rí láti ọdún 1874, kí ó tó wá di pé ó bà á ní 1901. Lójú tèmi, ohun méjì ni ó dè é. Ó gbàgbọ́ pé ìjọ ni a ń tún ṣe láti inú, a kì í fi í sílẹ̀. Ìjọ African sì gba oníyàwó púpọ̀ láàyè, èyí tí Johnson kò fẹ́ gbọ́ sétí. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù sílẹ̀, tí ó kó ẹrù rẹ̀, tí ó sì kọjá sí Delta, sáàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ó wà nígbà tí ìjì dé. Ọkùnrin kan wà ní Bakana tí ń jẹ́ Garrick Braide, ọmọ ìjọ C.M.S., tí Johnson fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ lé lórí ní 1912. Ọkùnrin náà ń gbàdúrà. Nígbà tí ó di 1915, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ láti inú gbogbo àbàtà Delta. Wọ́n ń kó òrìṣà wọn sun. Wọ́n ń fi ọtí sílẹ̀ débi pé ọjà jíìnì wó, owó bodè ìjọba sì fà sẹ́yìn. Ohun tí Johnson ti bá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin jà fún tí kò rí gbà, ọmọ Delta tí kò kàwé púpọ̀ yìí ṣe é láàárín oṣù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Braide ń pè é ní Èlíjà Kejì, wọ́n sì ń mu omi tí ó fi wẹ̀ bí oògùn. Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà, tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni pé kí a kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa kí a tó sàmì fún un, wò ó, ó sì rí i bí ìbọ̀rìṣà mìíràn. Ó lọ sí Bakana, ó dá Braide lẹ́bi, ó sì ké sí ìjọba. Ní 1916 ìjọba mú Braide, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Wọn kò gbàgbé owó bodè tí ó sọnù. Àwọn tí ó tẹ̀lé e jáde kúrò nínú ìjọ ní ọdún yẹn gan-an, wọ́n sì sọ ara wọn ní Christ Army Church. Ìgbà kejì nìyí tí apá ńlá nínú ìjọ Johnson jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni wọ́n ń sá fún.

Ní oṣù May 1917 ni James Johnson kú, lẹ́nu iṣẹ́, ní ẹni tí ó ti tó ọgọ́rin ọdún. Braide kú ní oṣù November ọdún tí ó tẹ̀lé e. A kò gbọ́ pé àwọn méjèèjì tún parí ìjà náà.