Àwọn Ilé Fẹlá Aníkúlápó

Ẹni tí ó bá kúrò ní Idigny, tí ó gba Ìlárá, tí ó sì la ibodè kọjá sí Ìmẹ̀kọ, ọ̀nà náà yóò gbé e dé Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Olúfẹlá Ransome-Kuti ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Fẹlá. Ó ti kú tipẹ́, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo àwọn ibi tí ó gbé.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, òun náà sì ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School. Fúnmiláyọ̀ ni orúkọ ìyá rẹ̀. Obìnrin yìí kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà bí wọ́n tilẹ̀ ti dàgbà. Nígbà tí ó yá, òun àti àwọn obìnrin ọjà náà dìde sí owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ààfin sílẹ̀, ó sì lọ sí Òṣogbo. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Fẹlá nígbà náà. Ohun tí ọmọdé bá fi ojú rí nílé kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní 1958, wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Orin ni ó kọ́. Ó padà sí Èkó ní 1963, ó sì tún ẹgbẹ́ Koola Lobitos dá sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orin wọn kò tíì mì ìlú. Ní 1969, ó kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ nípa ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú fún ẹ̀tọ́ wọn, ojú rẹ̀ sì là. Nígbà tí ó dé, orin rẹ̀ ti di ọ̀tun: ìlù ilẹ̀ wa, fèrè àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àti Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí alágbàrù gbọ́ láti Èkó dé Àkrá. Ìyẹn ni Afrobeat. Ní Kútọnù pàápàá, Orchestre Poly-Rythmo ta á.

Ibi tí ó ti ń ṣeré ní Èkó ni Ilé Ìtura Empire ní Ìdí-Òro. Ó pè é ní Shrine, èyí tí í ṣe ojúbọ. Ní 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn olórin Beatles, wá sí Èkó láti gba orin sílẹ̀. Òun náà wá gbọ́ Fẹlá níbẹ̀. Ilé Fẹlá kò jìnnà sí ibẹ̀, ní ojú ọ̀nà Agége. Ó sọ ọ́ ní Kalakuta, orúkọ yàrá ẹ̀wọ̀n kan tí wọ́n ti tì í mọ́ rí, ó sì kéde pé orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni. Ó pa orúkọ Ransome tì, ó di Aníkúlápó, ẹni tí ó fi ikú sínú apó. Ní 1976, ó fi orin Zombie bú àwọn ọmọ ogun.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, ọmọ ogun tó nǹkan bí 1,000 yí ilé náà ká. Wọ́n lu Fẹlá, wọ́n lu àwọn obìnrin ilé, wọ́n sì ti iná bọ ilé. Ohun èlò orin jóná, téèpù jóná, ilé ìwòsàn tí àbúrò rẹ̀ Bẹ́kọ̀ fi ń tọ́jú aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ náà jóná. Wọ́n ju Fúnmiláyọ̀, ẹni ọdún 76, láti ojú fèrèsé òkè. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní àwọn ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Fẹlá pe ìjọba lẹ́jọ́, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ní 1979, ó gbé pósí kan ní orúkọ ìyá rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun.

Ó wá gbé ní ilé mìíràn ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá ní Ìkẹjà. Kì í ṣe pé ìwà rẹ̀ kò ní àbùkù: ìyàwó 27 ni ó gbé ní ọjọ́ kan ní 1978, igbó mímu kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe láti 1984 sí 1986 kò pa á lẹ́nu mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Olikoye, sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni ó pa á, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi àrùn náà pamọ́.

Iwájú ilé Gbẹ́misọ́lá ni wọ́n sin ín sí. Láti 2012, ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àlejò yóò rí aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, àti yàrá rẹ̀. Fèrèsé tí wọ́n ti ju ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdí-Òro ni ìyẹn wà, ilé-ìwé ni ó sì wà lórí ilẹ̀ náà lónìí.