Mohammed Bah Abba: Olùkọ́ Tó Fi Ìkòkò Méjì Gba Ẹ̀fọ́ Lọ́wọ́ Ooru

Ní sáà tó kọjá, nígbà tí mo ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ààrò. Bí mo bá kọ ojú ìwé méjì, á kú pii. Mo gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ bọ̀dá kan tó ń tún un ṣe. Wọ́n tú u, wọ́n sì fi páìpù bàbà pẹlẹbẹ kan hàn mí. Wọ́n ní omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Níbi tí ooru bá pọ̀ sí, omi náà á di afẹ́fẹ́, á sáré lọ síbi tó tutù, á tún di omi, á sì padà wá. Ẹni tó tún un ṣe ṣáájú kò jẹ́ kí páìpù náà jókòó dáadáa. Àlàfo tó fi sílẹ̀ kò nípọn ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti dá ooru dúró. Wọ́n nu ojú ibẹ̀, wọ́n fi ìpara rẹ̀ sí i, wọ́n dè é ní déédéé, wàhálà sì parí.

Bí mo ṣe ń padà sí Awẹ́, àmù màmá àgbà ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ta ló ń fi iná mú omi inú àmù tutù? Kò sẹ́ni. Omi ń yọ́ gba ara amọ̀ jáde, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Àmù àti páìpù bàbà yẹn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tó yẹ kí gbogbo wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè mọ̀.

Ọdún 1964 ni wọ́n bí Mohammed Bah Abba ní Àríwá Nàìjíríà, sínú ìdílé tó ń mọ ìkòkò. Láti kékeré ló ti mọ ohun tí amọ̀ ń ṣe sí omi. Nígbà tó dàgbà, ó di olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Jigawa. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé wọn kò sì rí iná mànàmáná lò. Ohun tí wọ́n bá kórè lónìí, tí wọn kò bá tà á kíá, jíjẹrà ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọbìnrin fi ń kiri ọjà lójoojúmọ́, tí wọn kì í sì í ráyè lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ní 1995, Bah Abba bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú nǹkan kan. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó da iyanrìn sí àárín àwọn méjèèjì, ó bu omi rin ín, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ọgbọ́n pé amọ̀ ń mú nǹkan tutù ti wà látayébáyé. Ohun tí Bah Abba ṣe ni pé ó tò ó lọ́nà tó fi gba ẹ̀fọ́ àti èso, ó sì sọ ọ́ di ohun tí tálákà lè rà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkàn tó máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Tòmátì àti ata lo ọ̀sẹ̀ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ̀tẹ̀ tí kì í ju ọjọ́ kan lọ lo ọjọ́ 12.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ fún màmá àgbà, tí wọ́n ń ta tòmátì àti ata ní ọjà Awẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ra ìkòkò tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà nítorí ẹwà. Ọ̀dà náà dí ojú amọ̀, omi kò rí ibi yọ́ gbà. Ìgbà kejì, ìkòkò inú kò dúró láàárín gbùngbùn. Ó fara kan tòde lápá kan, iyanrìn kò dé ibẹ̀, apá ibẹ̀ náà ni tòmátì ti kọ́kọ́ rà. Ìgbà kẹta ni mo tó tẹ́ iyanrìn sí ìsàlẹ̀ kí ẹnu méjèèjì lè ṣe déédéé, mo fi ìka wọn àyè tó yí i ká, mo sì ń bu omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bah Abba kò dá a dúró sí ilé ara rẹ̀. Ó gba àwọn amọ̀kòkò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n mọ 5,000 àkọ́kọ́, ó sì pín wọn fáwọn ará abúlé. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò mọ̀wé yóò ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ èdè. Kò kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kó wá pín in kiri. Ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn àdúgbò ṣe eré, ó gbà á sórí fídíò, ó sì ń gbé e kiri abúlé lálẹ́, tòun ti jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ tí wọ́n ta bí ojú sinimá. Àwọn ènìyàn rí i, wọ́n sì lóye.

Ní 2000, ó gba ẹ̀bùn Rolex, 75,000 dọ́là, ó sì fi í mú iṣẹ́ náà gbòòrò ní Jigawa. Ní 2001, ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ àwọn àrà tuntun tó dára jù lọ́dún náà. Ọdún 2010 ló dágbére fáyé, kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

N kò ní tan yín jẹ: Awẹ́ kì í ṣe Jigawa. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ tiwa ti mu omi yó, omi ara ìkòkò kì í tètè gbẹ, ìtutù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, tòmátì màmá àgbà dúró gbagidi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tẹ́lẹ̀, bí ọjà kò bá tà, àbúrò mi obìnrin ni yóò gbé èyí tó kù kiri títí dé Fìdítì lọ́jọ́ kejì, ilé ẹ̀kọ́ á sì dọ̀la. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Màmá àgbà ti ní kí n wá ìkòkò méjì mìíràn wá kí ọyẹ́ tó tún dé. Wọ́n ní kí n má ra èyí tí wọ́n kùn lọ́dà mọ́.