Thomas Adeoye Lambo: Dókítà tó fi iṣẹ́ oko kún ìtọ́jú alárùn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ ni occupational therapist máa ń bá aláìsàn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ran ẹni tí àìsàn dá dúró lọ́wọ́ ni, kó lè tún máa dá wẹ̀, kó dáná, kó lọ sóko.

Oníṣègùn ọpọlọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ní tiẹ̀, àmọ́ ọ̀nà yìí ló tọ̀ ní Aro.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, kó tó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London.

Nígbà tó padà dé ní 1954, bí àtìmọ́lé ni ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ṣe rí lójú aráàlú. Lambo ní kí àwọn aláìsàn máa gbé lábúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká, kí mọ̀lẹ́bí kan sì bá wọn wá. Wọ́n ń gba oògùn nílé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ó tún fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ètò yìí fi hàn pé oògùn lè pẹ̀tù sí àrùn, àmọ́ iṣẹ́ àti ẹbí ló ń dá èèyàn padà sáwùjọ.

Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ó jáde láyé ní 2004.

Lónìí, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ni ní occupational therapy. Ṣùgbọ́n tí ẹbí kò bá mọ iṣẹ́ wọn, aláìsàn lè lo oògùn tán, kó má sì lè dá bu omi wẹ̀.