Kàlífà Umar bin Abdul-Aziz àti Owó Ìlú

Bí ọ̀rọ̀ sàká bá délẹ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì, ẹni tó ń san án ni a máa ń bá wí. Ìtàn Umar bin Abdul-Aziz bá ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú wí pẹ̀lú.

Ọmọ Asim, ọmọ Umar bin Khattab, ni ìyá tó bí i. Inú ọrọ̀ ló dàgbà sí, ó sì ṣe gómìnà Mẹ̀dínà láti ọdún 706 sí 712. Ní ọdún 717 (99 Hijra), Kàlífà Sulaiman kú ní Dabiq, orúkọ Umar ló sì fi sílẹ̀ nínú ìwé. Ilé ara rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe: ó dá àwọn ilẹ̀ tó jogún padà, ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ Fatima, ọmọ ọba, sì wọ inú Baitul-Mal. Inú àwọn ẹbí rẹ̀ kò dùn.

Ọ̀ràn jísíyà ló le jù. Owó orí tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń san ni. Ẹni tó bá gba Ìsìláàmù bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀sìn ni owó ìjọba ń dín kù, nítorí náà àwọn gómìnà kan ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn pàápàá. Ní Khurasan, wọ́n gba gómìnà Jarrah bin Abdullah nímọ̀ràn pé kí ó fi ìdábẹ́ dán wọn wò. Umar kọ̀ jálẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n mú jísíyà kúrò lọ́rùn ẹnikẹ́ni tó bá ń kírun, ó sì yọ Jarrah nípò nínú Ràmàdáánì ọdún 100 Hijra (719). Kì í kúkú ṣe pé kò mọ iyì owó. Wọ́n ròyìn pé ó fòfin de Mùsùlùmí láti má ra ilẹ̀ tí owó kharaj wà lórí rẹ̀ mọ́, kí owó náà má baà sọnù.

Abu Ubaid kọ ọ́ sínú Kitab al-Amwal pé gómìnà rẹ̀ ní Iraq, Abdul-Hamid, san ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn tán, owó sì ṣẹ́ kù. Umar ní kí ó bá ẹni tó jẹ gbèsè láìṣe ìnákúnàá san án. Owó tún ṣẹ́ kù: kí ó fi gbé ìyàwó fún àpọ́n tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Síbẹ̀ kò tán. Ìgbà yìí ló wá ní kí wọ́n yá àwọn àgbẹ̀ tó ń san jísíyà lówó, kí wọ́n lè ro ilẹ̀ wọn, nítorí ìjọba ṣì nílò wọn ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Ẹ kíyè sí i pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Ó kú ní Deir Siman, ní ilẹ̀ Síríà, nínú Rajab ọdún 101 (720), lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù bíi márùn-ún lórí oyè. Yazid tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yí púpọ̀ nínú àṣẹ rẹ̀ padà. Ní nǹkan bí ọdún 728, gómìnà Ashras ṣèlérí fún àwọn ará ìhà Samarkand pé ẹni tó bá gba Ìsìláàmù kò ní san jísíyà mọ́. Ogunlọ́gọ̀ gbà á. Nígbà tí owó dín kù, ó tún gbé jísíyà náà lé wọn lórí. Ogun ló fi gbà.